Kọ̀ǹpútà tí ń Bá Afọ́jú Sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí afọ́jú bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, àfi kí ó wá ẹni tí yóò kà á sí i létí. Ohun kan náà ni wọ́n ń rò nípa kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní gíláàsì ni ojú rẹ̀, ojú ni a sì fi ń wo gíláàsì, nítorí náà ẹni tí kò ríran kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ tí kò ti tọ̀nà. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi ojú rí ohunkóhun láti ọjọ́ tí a ti bí i lè jókòó ti kọ̀ǹpútà tí inú rẹ̀ ṣófo, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gbogbo ètò tí ó yẹ sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ, láìjẹ́ pé ó san kọ́bọ̀ lórí àwọn ètò wọ̀nyí. Èrò tèmi ni pé níwọ̀n ìgbà tí èyí ti ṣeé ṣe, kò yẹ kí ilé-ìwé kankan tí ó ní kọ̀ǹpútà tún máa fi àìsí owó ṣe àwáwí bí kọ̀ǹpútà náà kò bá lè bá afọ́jú sọ̀rọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, èyí tí a mọ̀ jùlọ ni Orca. Ẹ má ṣe rò pé Orca ní ojú tí ó fi ń wo gíláàsì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bi ètò kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú ẹ̀rọ léèrè: kí ni o gbé síta? Kí ni orúkọ bọ́tìnnì tí a dúró lé lórí yìí? Ìdáhùn tí ó bá rí gbà ni ó ń kó lé ètò kejì, tí ń jẹ́ Speech Dispatcher, lọ́wọ́. Èyí náà a sì gbé e fún ẹ̀kẹta, eSpeak NG, tí ó ń sọ lẹ́tà di ohùn. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni, bí ìgbà tí ìránṣẹ́ mẹ́ta bá ń gba iṣẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹni tí ó kọ ètò kan bá ya àwòrán sórí bọ́tìnnì tí kò sì fún bọ́tìnnì náà ní orúkọ, Orca kò ní ohun púpọ̀ tí yóò sọ ju pé bọ́tìnnì ni lọ. Ẹni tí ó ríran rí àwòrán àpótí, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ń kó nǹkan pamọ́ sí. Afọ́jú gbọ́ “bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì”, bí ẹni tí ó wọ ọjà tí kò sí olùtajà kan tí ń polówó. Mo sọ èyí nítorí pé a máa ń di ẹ̀bi ru ojú tí ó fọ́, nígbà tí ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tí ó ríran tí kò sì rántí fi orúkọ sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ohùn eSpeak kò dùn bí ohùn ènìyàn. Ó gan, ó sì dàbí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Àwọn tí ó ríran a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é fún adùn. Wọn kò gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n tó máa gé e ní ègé-ègé. Ìṣirò ni ẹ̀rọ fi ń dá ohùn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ètò náà kéré níwọ̀n, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí ó sì máa dáhùn kíákíá bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé bí a bá mú kí ó sáré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dàrú. Afọ́jú tí ó ti mọ̀ ọ́n lára a máa mú un sáré dé ibi tí etí tiwa kò ti ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo já.

Àwọn ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ wọ̀nyí jẹ́ ètò tí orísun wọn ṣí sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ó kọ wọ́n fi gbogbo àkọsílẹ̀ inú wọn síta, wọ́n sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kà á, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ó dàbí ọbẹ̀ tí alásè kò fi èlò rẹ̀ pamọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oore tí ó wà nínú èyí kò ju pé ọ̀fẹ́ ni lọ. Ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n oore tí ó tóbi jù fara hàn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ Orca ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun tán, kò sì pẹ́ tí ẹni tí ó ń darí iṣẹ́ Orca níbẹ̀ fi pàdánù ipò rẹ̀. Ká ní àkọsílẹ̀ Orca wà nínú àpótí tí ilé-iṣẹ́ náà tì pa ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí, àwọn afọ́jú tí ń lo Linux ì bá sì padà sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan, Joanmarie Diggs, tí ó ti ń bá wọn lọ́wọ́ sí i tẹ́lẹ̀, gba iṣẹ́ náà mú, Orca kò sì kú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí eSpeak. Jonathan Duddington ni ó kọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1995 fún kọ̀ǹpútà Acorn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un kọ ní ọdún 2006. Nígbà tí ó di ọdún 2015, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí àwọn tí ń lò ó kò rí iṣẹ́ tuntun láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa kárí sọ. Reece Dunn àti àwọn mìíràn mú àkọsílẹ̀ tí ó ti wà nílẹ̀, wọ́n pè é ní eSpeak NG, wọ́n sì ń bá a lọ. Ohùn tí afọ́jú gbẹ́kẹ̀ lé kò yẹ kí ó kú nítorí pé wọ́n ta ilé-iṣẹ́ kan, tàbí nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà nípa Louis Braille mọ̀ pé ọmọdé ni ojú rẹ̀ ti fọ́, nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àti pé nígbà tí yóò fi di ọmọ ọdún 15, ní ọdún 1824, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ètò àmì tí à ń fi ọwọ́ kà. Kì í ṣe ẹni tí ó ríran ni ó ṣe é fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. T. V. Raman, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà èwe, gbé Emacspeak jáde ní ọdún 1995 kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lè máa fi etí ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Michael Curran, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Australia, bẹ̀rẹ̀ NVDA ní ọdún 2006 fún àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, nítorí pé kò rí ìdí tí afọ́jú yóò fi máa san owó kún owó kí ó tó lè lo ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ètò tí à ń tà. JAWS, tí Ted Henter, afọ́jú ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1989, ti sọ ọ̀pọ̀ afọ́jú di òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí ọmọ tálákà lè tọ́ sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an. Mo mú Debian, ọ̀kan nínú àwọn ètò ìpìlẹ̀ tí ń lo Linux, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Debian 7, tí ó jáde ní ọdún 2013, ti ní ohùn nínú iṣẹ́ ìgbéwọlé rẹ̀, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ní in pẹ̀lú.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ti da Debian sórí fílááṣì, tí ó sì ti ki fílááṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tan ẹ̀rọ. Ibi àkọ́kọ́ yìí ni ó le jù, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ dandan kí a kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó má ṣe wo inú ara rẹ̀, orí fílááṣì ni kí ó lọ. Bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ fún èyí kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà, ojú-ewé tí ó sì ń gbé jáde kì í sábà sọ̀rọ̀, nítorí pé Linux kò tíì jí ní àkókò yìí. Níbẹ̀, afọ́jú gbọ́dọ̀ ti há iye ìgbà tí yóò tẹ bọ́tìnnì sórí, tàbí kí ó pe ẹni tí ó ríran fún ìṣẹ́jú kan. Ó dùn mí pé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó bí ó ti yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà a dún “píì”, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Dídún yìí ni àmì pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọmọ náà a tẹ lẹ́tà s, a sì tẹ Enter. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní í pẹ́ tí ohùn yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde nínú kọ̀ǹpútà náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rọ a sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léra, a sì ní kí ó tẹ Enter nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn níbi tí ó ti fẹ́ máa gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ronú kan èyí ti jókòó ti afọ́jú rí.

Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè ni àti ìdáhùn. Ẹ̀rọ a ka àwọn èdè tí ó mọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn; ọmọ náà a tẹ nọ́ńbà èyí tí ó wù ú, a tẹ Enter. Ẹ̀rọ a bèèrè orílẹ̀-èdè, orúkọ tí yóò máa pe kọ̀ǹpútà náà, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti bí yóò ṣe pín àyè inú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí ó ti fara balẹ̀ jù, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ́ lè pa gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ewu yẹn kò sì yọ ẹni tí ó ríran sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí kọ̀ǹpútà sì tún ara rẹ̀ tàn, Orca ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é, nítorí pé ètò náà mọ̀ pé ohùn ni a fi gbé òun wọlé.

Ó kù kí ó tún ohùn náà ṣe bí etí rẹ̀ ti fẹ́. Bọ́tìnnì Insert ni kọ́kọ́rọ́ Orca lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Caps Lock ni a sábà ń lò lórí kékeré tí à ń gbé kiri. Bí ó bá tẹ kọ́kọ́rọ́ yìí pọ̀ mọ́ àlàfo gígùn tí ó wà nísàlẹ̀ pátákó ìtẹ̀wé, àwọn ètò Orca a ṣí sílẹ̀, níbi tí yóò ti yan ohùn, bí yóò ṣe yára tó, àti bí yóò ṣe ga tó. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n pẹ̀lẹ́, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan yóò ní: kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ríran kò lè bá a ṣe é tán láàárín wákàtí kan? Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà ni yóò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, òun ni yóò mọ ibi tí ohun gbogbo wà, òun náà ni a óò sì máa wá kiri ní ọjọ́ tí ohùn bá dákẹ́ ní alẹ́ tí ìdánwò kù sí ọ̀la. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ rẹ̀ mọ bí a ti í tún un tò, lẹ́tà rẹ̀ sì di ti òun nìkan. Ẹ ronú bí ó ti rí kí ènìyàn má lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kọ́kọ́ kà á.

Àwọn mìíràn ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dára. N kò ní sọ pé ètò wọ̀nyí kò ní àléébù. Lẹ́yìn tí a bá tún ètò gbé wọlé, ohùn a máa dákẹ́ nígbà mìíràn, tàbí kí ètò méjì tí ń fẹ́ sọ̀rọ̀ máa du sípíkà kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ètò kan wà lórí Linux tí wọn kì í dá Orca lóhùn rárá. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kí ó sì lè ka ìwé ìtọ́sọ́nà. Síbẹ̀ mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun olówó gọbọi tí ó bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó láṣẹ láti ṣí i wò.

Àtakò kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí pé àwọn olùkọ́ afọ́jú ni wọ́n ń sọ ọ́: wọ́n ń bẹ̀rù pé ohùn yóò pa Braille. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan kò mọ bí a ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọ̀kan pa èkejì. Ètò kan tí ń jẹ́ BRLTTY wà lórí Linux tí ó ń gbé ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sábẹ́ ìka ní Braille, bí ènìyàn bá ní irin-iṣẹ́ rẹ̀. Irin-iṣẹ́ náà ni ó wọ́n. Títí yóò fi dín lówó, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka kọ́ lẹ́tà lórí ìwé, kí ó sì fi etí ka ìwé tí ó pọ̀.

Ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 1962 ni ilé-ìwé afọ́jú Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè ní ìlú Èkó, àwọn ọmọ tí ó sì parí níbẹ̀ a máa lọ bá àwọn tí ó ríran ní ilé-ìwé girama. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni a gbọ́ pé ààrẹ ti fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya abirùn sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin wà, ètò náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà náà, kí ni ó kù? Ó kù kí ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé kí a ṣe é kí ọmọ náà tó dé, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ó bá jókòó tí kò gbọ́ ohun kan ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ó kù iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ti àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ohun tí a bá kọ ni ẹ̀rọ ń kà. Bí a bá kọ “Baba ra oko” láìfi àmì kankan sí i, ojú ẹni tí ó ríran a fò ó, ọkàn rẹ̀ a sì méfò: ṣé oko ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀? Ẹ̀rọ kò lè méfò bẹ́ẹ̀, afọ́jú tí ń gbọ́ ọ náà a sì máa fi orí gbé ohun tí a kò kọ. Àwọn kan ní àmì ohùn Yorùbá ni ó ṣòro fún kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀. eSpeak NG ń ka èdè Ṣáínà àti ti Vietnam, àwọn náà sì jẹ́ èdè olóhùn. Òfin tí a fi ń kọ́ ọ ní èdè kan wà nínú fáìlì tí ènìyàn lè ṣí kà: lẹ́tà báyìí, ìró báyìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yapa, ẹ kọ wọ́n sí apá kan. Èdè mélòó ni ìkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ìró bí ti Yorùbá? Òyìnbó tí ó fẹ́ kọ òfin tirẹ̀ yóò kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yapa jọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Tiwa kò ní í tó bẹ́ẹ̀ rárá, bí a bá fi àmì sí i. Nítorí náà, nígbà tí mo bá fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fi àmì sí, ẹ má ṣe rò pé ìkà ni mo ń ṣe.

Bí ẹ bá tún dé iyàrá kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá ń lo Linux tí ó ní GNOME, ẹ tẹ Alt, bọ́tìnnì tí àmì fèrèsé wà lára rẹ̀, àti S pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orca yóò dá yín lóhùn. Bí ti Windows bá ni, ẹ bẹ olùkọ́ yín kí ó gba NVDA sí i. Kí ẹ wá pa ojú dé, kí ẹ gbìyànjú láti kọ lẹ́tà kan sí òbí yín títí dé òpin. Bí ẹ bá pàdé bọ́tìnnì tí kò ní orúkọ, ẹ kọ orúkọ ètò náà àti ibi tí bọ́tìnnì náà wà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ètò náà. Wọ́n a máa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbá ṣe akẹ́kọ̀ọ́.